Ẹ̀yin Olórin, Ilé Yín Dà?

Ọ̀rọ̀ àwọn olórin ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí orin rẹ̀ dùn jù, nítorí ìyẹn lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀yin kí a tó dé ìdajì ojú ewé. Ibi tí orin ń gbé ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí a bá fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ olórin kan lónìí, bí a bá fẹ́ mọ ibi tí yóò ti ṣeré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tàbí bí a bá fẹ́ pè é síbi ìnáwó, ilẹ̀kùn ta ni a óò kàn?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nínú iṣẹ́ orin Yorùbá. Ní ayé ìgbà tí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni ọjà olórin, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni ó ni ẹ̀rọ, àwọn ni ó ni sítúdíò, àwọn náà ni ó sì ń sọ iye tí yóò kan olórin lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá àwọn alápàlà, àti I. K. Dairo, ọ̀gá nínú orin jùjú, pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí wọ́n pè ní Star sílẹ̀. Àwọn olórin fúnra wọn ni ó ni ín, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi láyé ìgbà náà. Hárúnà kò dúró síbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1979, ó ti gbé sítúdíò ńlá kan tí ó ń jẹ́ Phonodisk kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Láàárín méjèèjì, lọ́dún 1974, Sunny Adé kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ń gbé orin rẹ̀ jáde nítorí àríyànjiyàn lórí owó, ó sì dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀.

Mo máa ń rántí àwọn àgbà wọ̀nyí nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí ọ̀dọ́ olórin kan ń sọ pé òun "wà lórí ayélujára". Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Ó wà lórí Facebook, ó wà lórí Instagram àti TikTok, fídíò rẹ̀ wà lórí YouTube, orin rẹ̀ sì wà lórí Audiomack, Boomplay àti Spotify. Ilé méje nìyẹn, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gba ilé háyà rí ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn yóò tètè lóye ohun tí mo ń wí. Ayálégbé lè kun yàrá rẹ̀, kí ó lẹ tàìlì mọ́ ilẹ̀, kí ó gbin òdòdó síwájú fèrèsé. Bí ó bá di ọjọ́ tí ọmọ onílé fẹ́ gbéyàwó, tí wọ́n sì ń wá yàrá fún un, tàìlì kò ní bá a bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ tí ó dùn mí jù wá. Ní ọdún 2003 ni MySpace bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ka abala yìí ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, ibẹ̀ ni olórin tí kò tíì lókìkí ti ń pàdé ayé. Àwọn ọ̀dọ́ a gba orin sílẹ̀ nínú yàrá wọn, wọn a gbé e sí MySpace, àlejò láti ìlú òkèèrè a sì gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tọ́jú ẹ̀dà kankan sílé. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ó kúkú wà lórí ayélujára. Ní oṣù kẹta ọdún 2019 ni ìròyìn gba ìgboro pé ilé iṣẹ́ náà ń kó ẹrù láti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn, ẹrù sì sọnù lójú ọ̀nà. Orin tí àwọn ènìyàn ti gbé síbẹ̀ láti ọdún 2003 títí di 2015 ni ó lọ: nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 orin, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn olórin tí iye wọn tó mílíọ̀nù 14. Lẹ́yìn náà, ilé ìpamọ́ Internet Archive rí bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 490 nínú wọn gbà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí. Bí a bá ṣírò rẹ̀, kò pé orin kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ti MySpace, ìjàǹbá ni. Nígbà mìíràn, ẹjọ́ náà kì í ṣe ti olórin, kì í sì í ṣe ti onílé pàápàá. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa mọ́ gbogbo ará ìlú, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Olórin tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ó ti ń bá àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní láti wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, tàbí kí ó dákẹ́ fún oṣù méje ó lé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ Universal Music àti TikTok kò gbọ́ra wọn yé lórí owó àti lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amòye. Orin àwọn tí ó wà lábẹ́ Universal yadi lórí TikTok láti oṣù kejì títí àwọn méjèèjì fi parí ìjà ní oṣù karùn-ún. Fídíò ń ṣí, ẹsẹ̀ ń jó, ohùn kò sí.

Èyí tí ó wá wọ́pọ̀ jù láàárín wa kì í ṣe ti ìjọba tàbí ti ilé iṣẹ́ ńlá. Ti olè ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọrin ẹ̀mí pàdánù ojú ewé rẹ̀ lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan lọ́dún tó kọjá. Ẹnìkan fi ẹ̀tàn gba ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba àsansílẹ̀ owó òde lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé títí sí àwọn oníìkànnì, ẹ̀rọ ni ó ń dá a lóhùn. Ọjọ́ tí ìdílé kan dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ pé kí ó máa bọ̀ níbi ìsìnkú tí àwọn ti sanwó rẹ̀ ni ó tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó. Ó bá wọn lọ, ó kọrin lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé òkú ti wà nílẹ̀, ìyá arúgbó sì ń sunkún. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé kò sí ibì kankan tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí ó lè dúró sí kí ó kéde pé: "Èmi kọ́ o. Nọ́ńbà mi nìyí, ẹ má ṣe sanwó fún ẹlòmíràn."

Irú ibẹ̀ yẹn ni ìkànnì ayélujára ti ara ẹni: àdírẹ́ẹ̀sì tí ó jẹ́ orúkọ olórin, tí olórin fúnra rẹ̀ ń san owó rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú rẹ̀ polówó nǹkan mìíràn láìgba àṣẹ.

Àǹfààní rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í tètè rí ni ìwé orúkọ. Olórin tí 10,000 ènìyàn ń tẹ̀ lé lórí Instagram kò ní àdírẹ́ẹ̀sì ẹyọ ẹnì kan nínú wọn lọ́wọ́. Bí ó bá gbé orin tuntun jáde, ẹ̀rọ Instagram ni yóò pinnu ẹni tí yóò rí ìkéde náà àti ẹni tí kò ní rí i. Spotify yóò sọ fún un pé àwọn kan gbọ́ orin rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní sọ bí yóò ti ṣe rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fínnúfíndọ̀ fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìkànnì olórin ti sọ fún un pé, bí ohun kan bá ń ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe yọ mí sílẹ̀. Bí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá pé igba ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tó kún gbọ̀ngàn kékeré kan ní Peckham, olórin sì lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2024, Spotify kì í san kọ́bọ̀ lórí orin tí a kò bá tíì gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12. Gbajúmọ̀ kò ní mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tí ó ń kọ sákárà fún agbo kékeré tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Bí olórin bẹ́ẹ̀ bá ta orin rẹ̀, tàbí fìlà, tàbí tíkẹ́ẹ̀tì òde, lórí ìkànnì ara rẹ̀, àwọn tí ń bá a gba owó wọlé yóò mú díẹ̀ níbẹ̀, ìyókù yóò sì wọ àpò rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn máa ń mú wá lórí èyí ni ti ẹgbẹ́ Radiohead ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn wọn pẹ̀lú EMI ti parí, wọ́n sì gbé àwo In Rainbows sórí ìkànnì ara wọn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2007. Wọ́n ní kí olúkúlùkù san iye tí ó bá wù ú, kódà kí ó má san nǹkan kan. Ariwo ta. Èmi kì í fẹ́ gbé àpẹẹrẹ yìí gẹ̀gẹ̀ jù, nítorí pé EMI ti fi ọ̀pọ̀ ọdún náwó sórí orúkọ wọn kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Bí olórin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, àwọn tí kò ní san nǹkan kan ni yóò pọ̀ jù. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kéré ju bí àwọn oníròyìn ti sọ ọ́ lọ: ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú ni wọ́n kéde àwo náà, orí ìkànnì ara wọn ni wọ́n sì ti kéde rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ wọn ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ tipẹ́.

Bí ẹ bá wá bi mí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, owó kọ́ ni ìdí tí ó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ọ̀rọ̀ inú orin ni. Ẹ lọ wá ọ̀rọ̀ orin Yorùbá kan lórí ayélujára kí ẹ wo ohun tí ẹ óò rí. Àwọn ìkànnì àjèjì tí ń kó ọ̀rọ̀ orin jọ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí ó kọ ọ́ síbẹ̀ lè má gbọ́ Yorùbá rárá. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ ni. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ méjì lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan, òwe pín sí méjì láàárín. Ẹ mú lẹ́tà mẹ́ta péré, "oko". Bí a kò bá fi àmì kankan sí i, ó lè jẹ́ oko tí à ń ro, ọkọ́ tí a fi ń ro ó, ọkọ tí à ń fẹ́, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Ọmọge lè kọrin ọpẹ́ pé òun ra ọkọ̀, kí ayélujára sì kọ ọ́ fún gbogbo àgbáyé pé ó ra ọkọ.

A lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Olórin jùjú tàbí onífújì tí ó ń ki ìdílé kan lójú agbo lè wọ inú ìjìnlẹ̀ tí ọmọ ìdílé náà fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí. Orúkọ baba ńlá wà níbẹ̀, orúkọ ìlú tí ogun tú wà níbẹ̀, èèwọ̀ ilé wà níbẹ̀. Bí a bá kọ wọ́n lódì lónìí, ẹni tí yóò kà á ní ogún ọdún sí i yóò gbà pé bí ó ti wà nìyẹn. Ẹni tí ó lè sọ dájúdájú ohun tí ó ti ẹnu olórin jáde ni olórin. Kí ó jókòó ti ẹni tí ó mọ àkọtọ́ bí òun kò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sórí ìkànnì rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n fi ìlà kan tàbí méjì ṣàlàyé ibi tí ó bá díjú. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá pọ̀ nígboro tí wọn yóò fi ayọ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì wọ́n. (Mo mọ ohun tí mo ń sọ.) Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tí wọ́n ń jó sí àwọn orin yìí níbi ìgbéyàwó láìmọ ohun tí à ń wí, yóò rí ibi kà á.

Orúkọ náà ń dàrú. Táíwò mélòó ni ó ń kọrin? Lórí àwọn ìkànnì orin, ẹ̀rọ a máa da iṣẹ́ olórin méjì tí ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ sójú ewé kan ṣoṣo, títí tí orin ijó ọtí yóò fi bọ́ sáàárín orin ìyìn. Ìkànnì olórin ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ tún wo ẹni tí ó fẹ́ pe olórin sóde. Ó fẹ́ rí fídíò tí olórin náà ti ń ṣeré lójú agbo, nítorí ohùn inú sítúdíò lè tan ni jẹ. Ó fẹ́ mọ iye àwọn tí yóò bá a wá, irú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n ń lò, àti nọ́ńbà ẹni tí a óò bá dúnàádúrà. Ó tún fẹ́ àwòrán tí ó mọ́, tí a lè tẹ̀ sórí pátákó. Àwọn tí ń ṣètò àjọ̀dún orin lókè òkun a tilẹ̀ máa béèrè gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olórin tí ó ti kó wọn jọ sójú kan yóò fi línkì kan ránṣẹ́, ó parí. Ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa wá fọ́tò kiri nínú WhatsApp ní ọ̀gànjọ́ òru.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: "Ta ló ń wo ìkànnì mọ́? Orí TikTok ni gbogbo ayé wà." Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ní ti olórin òde òní, TikTok lọjà. Ibẹ̀ ni yóò ti pàdé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìkànnì ara ẹni kì í dá wá olólùfẹ́ tuntun, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ bá yín kọ́ ọ parọ́ bẹ́ẹ̀ fún yín. Àwọn tí ẹ bá pàdé lọ́jà ni ẹ óò mú wá síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Ilé sì ní ìtọ́jú. Prince, olórin Amẹ́ríkà nì, ṣí NPG Music Club lọ́dún 2001 láti máa ta orin fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní tààrà. Ní 2006 wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Webby nítorí iṣẹ́ tí ó ti ṣe lórí ayélujára. Ọdún yẹn kan náà ni ó ti ìkànnì náà pa. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun ni ó ṣí i, òun ni ó tì í. Ní ti àwa, owó tí a kò san ni ó sábà máa ń ti ilẹ̀kùn. Orúkọ ìkànnì kì í ṣe ohun tí à ń rà pa, bí àsìkò rẹ̀ bá pé, a ní láti tún un san. Èyí tí ó bá parí pẹ̀lú .ng wà lábẹ́ àbójútó NiRA, àwọn alágbàtà tí wọ́n fọwọ́ sí ni wọ́n sì ń tà á; .com.ng kò wọ́n tó .ng lásán. Bí ẹ bá gbàgbé tí ọjọ́ sì kọjá, ẹlòmíràn lè rà á kí ó fi orúkọ yín polówó tẹ́tẹ́. Ẹ jẹ́ kí orúkọ náà kúrú, láìsí àmì ohùn nínú àdírẹ́ẹ̀sì, nítorí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kò ní rí àmì lò. Ẹ má sì kó fídíò mẹ́wàá sójú ewé àkọ́kọ́. Dátà wọ́n.

Ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ jù ni orúkọ ẹni tí a fi rà á. Àbúrò kan tàbí máníjà ni olórin sábà máa ń rán, onítọ̀hún a fi ímeèlì ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, gbogbo ayé a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, aáwọ̀ dé, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ìkànnì sì bá a lọ. Ímeèlì yín ni kí ẹ lò, nọ́ńbà yín ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kí ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ fúnra yín. Máníjà lè ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìwé ilẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun kan kù tí n óò fẹ́ rí lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ èmi nìkan ni mo ń wá a. Lórí fóònù, orúkọ orin àti orúkọ ẹni tí ó léwájú ni ó ń hàn sí wa. Ta ni ó lu ìyá ìlù? Ta ni ó ta gìtá yẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń mi orí? Àwọn wo ni ó gberin? Kí olórin ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún wọn, orin kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ àti ọdún tí ó jẹ́. Bàbá onílù lè máà ní fóònù tí ń lo ayélujára, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní in, ó sì ṣeé ṣe kí ó tẹ orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà sí Google lálẹ́ ọjọ́ kan.